Iṣẹ́ kíkó ẹ̀rọ gba ibodè wọlé: èyí tó tọ́ sí owó oníṣòwò Òṣogbo

Ẹni tó bá ń ta kọ̀ǹpútà, ráútà, kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ sólà ní Òṣogbo, tó sì fẹ́ kó ọjà láti Ṣáínà, Dubai tàbí Amẹ́ríkà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè lo kúríà. Ó lè fi owó lé àwọn tó ń gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, tí wọ́n á ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu rárá. Ó sì lè gba ẹjẹ́ńtì tó ní ìwé àṣẹ Kọ́sítọ́ọ̀mù, kó ṣí Fọ́ọ̀mù M (ìwé tí wọ́n fi ń kéde ẹrù ní báńkì kó tó gbéra), kó sì kó ẹrù wọlé lórúkọ ara rẹ̀. A yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò níbí láìka ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́sẹ̀, torí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an la fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ibi tí a dúró sí ni pé iṣẹ́ tó dáa ni èyí tó ń bi yín ní ìbéèrè kí ẹrù tó kúrò lọ́hùn-ún, tó sì ń fi ìwé tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹrù bá dé. Èyí tó bá ní “ẹ ṣáà sanwó, a mọ bí a ṣe máa ṣe é”, ẹ má fún un lówó, bó ti wù kí iye rẹ̀ fani mọ́ra tó.

Àwọn agbẹ́rù-dé-ẹnu-ọ̀nà ló pọ̀ jù, pàápàá lórí WhatsApp. Ẹ ó ní kí ẹni tó ń tajà fún yín ní Guangzhou tàbí Shenzhen kó ẹrù lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Wọ́n á kọ àmì yín sára páálí, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn sínú kọ̀ńténà kan náà, ẹ ó sì san iye kan lórí kílò bó bá gba òfurufú, tàbí lórí kúbíìkì mítà bó bá gba orí omi. Wọ́n á ní dúútì ti wà nínú rẹ̀. Fún kéèsì fóònù, kíbọ́ọ̀dù, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti irin tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri, iṣẹ́ wọn ń lọ dáadáa, a ò sì ní sọ pé kí ẹ má lò ó.

Ẹ̀rọ gidi ni wàhálà wà. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ńténà yẹn ń jẹ́ níwájú Kọ́sítọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe orúkọ yín. Bí ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí bá ki dróònù tàbí bátìrì tí kò kéde sínú páálí tirẹ̀, gbogbo kọ̀ńténà ni wọ́n á dá dúró, làpútọ́ọ̀pù yín náà á sì jókòó síbẹ̀. Ẹ ò ní ìwé tí ẹ lè fi bèèrè nǹkan kan, torí lójú òfin, ẹ ò kó nǹkan kan wọlé. Ọ̀rọ̀ “dúútì ti wà nínú rẹ̀” kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni san dúútì. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí iṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá bèèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ̀rọ gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ wọlé, ìwé kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni lójú ọ̀nà láti Èkó. Ẹ̀ṣọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n bèèrè ìwé ẹrù, kò sì síbi tí awakọ̀ ti máa rí èyí tí ẹ̀yin tí ẹ ni ẹrù ò ní.

Bí ẹrù bá kéré, tó gbówó lórí, tó sì kánjú, kúríà la máa ní kí ẹ lò. Àwọn bíi DHL, FedEx àti UPS ní òṣìṣẹ́ tiwọn tó ń bójú tó ètò Kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ ó sì rí ìwé owó tí wọ́n san fún yín gbà bí ẹ bá bèèrè. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbà kí ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lọ wọlé láìsan dúútì, ìgbà mẹ́rin lọ́dún, bí kò bá ṣáà ti sí lára ohun tí òfin kà léèwọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn pín ẹrù 1,200 dọ́là sí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àdírẹ́sì kan náà àti nọ́ńbà fóònù kan náà ló máa tú u fó.

Ohun méjì ló ń bá àwọn èèyàn lójijì lọ́dọ̀ kúríà. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n páálí. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga páálí sọ ara wọn di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìyẹn àti kílò orí òṣùwọ̀n ni ẹ ó sanwó lé lórí. Páálí tó jẹ́ 60 sí 40 sí 20 á di kílò 9.6, bí ohun inú rẹ̀ ò tiẹ̀ ju kílò 5 lọ. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tajà bọ́ ìdúró mọ́nítọ̀ kúrò kó tó dì í.

Èkejì ni ohun tí wọ́n kọ sínú ínfọ́ìsì. Bí ẹni tó ń tajà bá kọ “electronics” lásán, ẹ ti fún òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù láyè láti fún ẹrù yín ní orúkọ tó wù ú, orúkọ tó bá sì mú ni dúútì á tẹ̀ lé. Bí ìlà kan ṣe yẹ kó rí nìyí: “Laptop computer, HP EliteBook 840 G5, used, tested and working, built-in battery 50 Wh, 4 pcs, HS 8471.30, made in China”, kí iye owó ẹyọ kan àti àpapọ̀ sì tẹ̀ lé e. Irú ẹ̀rọ, módẹ́ẹ̀lì, tuntun tàbí tòkunbọ̀, bátìrì, iye, nọ́ńbà HS (èyí tí wọ́n fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí káàkiri àgbáyé), ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìlà tí ọ̀kan bá ti kù nínú rẹ̀, ẹ dá a padà kí wọ́n tún un kọ kí ẹ tó sanwó ọjà.

Ẹjẹ́ńtì tó ní ìwé àṣẹ

Iṣẹ́ tí a kà sí jù nìyí fún ẹni tó bá ń kó tó ogún làpútọ́ọ̀pù tàbí kọ̀ńténà sólà. Ó ń gba sùúrù, kì í sì í dára lọ́wọ́ gbogbo ẹjẹ́ńtì. Kí ẹ tó bá a sọ iye, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ Kọ́sítọ́ọ̀mù tí ọdún rẹ̀ kò tíì kọjá hàn yín àti ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ CRFFN, àjọ tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó àwọn agbẹ́rù. Ẹlòmíràn á ní òun ń lo ìwé àṣẹ ọ̀gá òun. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa bèèrè. Ẹjẹ́ńtì tó mọṣẹ́ á bèèrè nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì gbogbo ẹ̀rọ. Á bèèrè bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, bóyá bátìrì wà nínú rẹ̀, fóòtì àti àmpù bátìrì náà. Á bèèrè bóyá FOB (iye ọjà títí tó fi wọ ọkọ̀ lọ́hùn-ún) ni iye tí wọ́n dá lé yín tàbí CIF (ìyẹn pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti adójútòfò). Ẹni tí kò bá bèèrè ju “ó tó kílò mélòó?” lọ, ẹni tó ń gbé àpótí ni, kì í ṣe ẹni tó ń bá èèyàn ṣe ètò ibodè.

Fọ́ọ̀mù M ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báńkì yín ló máa gbé e lọ síwájú, pẹ̀lú ínfọ́ìsì ìṣáájú, ìwé adójútòfò láti ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, àti ìwé ẹ̀rí ọjà ti SONCAP, ètò SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà. Ẹ lè ṣí i fún owó òkèèrè tí báńkì máa tà fún yín, tàbí èyí tí ẹ ti ní owó tiyín lọ́wọ́. Kí ó ti ṣí kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ọkọ̀ ojú omi bá ṣáájú ọjọ́ Fọ́ọ̀mù M, owó ìtanràn dé nìyẹn, àlàyé kankan ò sì ní mú un kúrò. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí: láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni báńkì àgbà CBN ti ní iye pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè ti ọjọ́ tí wọ́n ṣí Fọ́ọ̀mù M ni kí wọ́n fi máa ṣírò dúútì. Náírà ì báà já wálẹ̀ nígbà tí ẹrù wà lójú omi, ìṣirò yín ò yí padà. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó ń dá iye ọjà lé oníbàárà ní oṣù méjì ṣáájú.

Bí ẹrù bá ti wọ ọkọ̀, ẹjẹ́ńtì á kó ínfọ́ìsì ìkẹyìn, ìwé ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, ìwé ọkọ̀, CCVO (ìwé iye ọjà àti ibi tí wọ́n ti ṣe é) àti ìwé SONCAP ìkejì lọ fi bèèrè PAAR, ìwé àyẹ̀wò kí ẹrù tó dé. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń fún ni ní ìwé yìí láti ìparí ọdún 2013, òun ló sì ń sọ nọ́ńbà HS tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n gbà. Ẹ ní kí ẹjẹ́ńtì fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tó bá jáde, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà á. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ínfọ́ìsì, ìgbà yẹn ni kí ẹ ti kọ̀wé tako ó. Ó ṣòro gan-an bí ẹrù bá ti ń jẹ owó ní Apapa. B'Odogwu, ètò orí kọ̀ǹpútà, ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò fún iṣẹ́ yìí báyìí dípò NICIS tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹjẹ́ńtì tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé NICIS nìkan ló mọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà HS ló ń pa owó tàbí tó ń gbà á

Ìlànà dúútì tí ECOWAS jọ ń lò láti ọdún 2015 ní ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35%. Nọ́ńbà mẹ́wàá tí wọ́n bá fún ẹ̀rọ yín ló ń sọ ìpele tó bọ́ sí. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dọ́gba káàkiri àgbáyé: làpútọ́ọ̀pù wà ní 8471.30, fóònù alágbèéká ìgbàlódé ní 8517.13, ráútà àti suwíìṣì ní 8517.62, ìnfátà àti UPS tó ń tọ́jú iná ní 8504.40, bátìrì lithium ní 8507.60, páńẹ́ẹ̀lì sólà ní 8541.43, pírńtà ní 8443.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò hàn. Ká ní ẹrù jẹ́ 2,000 dọ́là ní FOB, owó ọkọ̀ 270, adójútòfò 30. CIF jẹ́ 2,300. Bí dúútì bá jẹ́ 5%, ìyẹn 115. Sọ́chááji (àfikún owó) 7% lórí dúútì jẹ́ 8.05. CISS (owó àbójútó ẹrù tó ń wọlé) 1% lórí FOB jẹ́ 20. Owó ECOWAS 0.5% lórí CIF jẹ́ 11.50. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ CIF, 2,454.55, kí ẹ yọ VAT 7.5% lórí rẹ̀: 184.09. Àpapọ̀ tí ìjọba á gbà jẹ́ 338.64 dọ́là. Bí ẹjẹ́ńtì bá wá kọ nọ́ńbà tó bọ́ sí ìpele 20%, ẹrù kan náà á gba 735.48 lọ́wọ́ yín. Nǹkan bí 400 dọ́là ti lọ sórí nọ́ńbà tí kò bá ọjà yín mu.

CISS yẹn lẹ ní láti bèèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò tiyín, torí òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ọdún 2023 mú owó 4% lórí FOB wá láti fi rọ́pò rẹ̀, ó sì di ohun tí wọ́n ń gbé jáde tí wọ́n tún ń dá dúró ní ọdún 2025.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni ohun tí wọ́n ń tà ní odidi. Kámẹ́rà CCTV wà ní 8525, àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀ ní 8521, háàdì dísìkì ní 8471.70, wáyà ní 8544. Bí ínfọ́ìsì bá kọ “CCTV kit” lásán, ọ̀kan nínú wọn ni òṣìṣẹ́ á fi ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì sólà náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí ní àwọn èbúté wa, nígbà tí wọ́n ní èyí tó ní dáyóòdù nínú kì í ṣe páńẹ́ẹ̀lì bí kò ṣe ẹ̀rọ amúnáwá, kó sì máa san dúútì àti VAT. Ìwé HS ọdún 2022 ti ya 8541.43 sọ́tọ̀ fún páńẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wà lórí ínfọ́ìsì, kí ìwé àlàyé ẹ̀rọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹjẹ́ńtì bá ní kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tajà kọ ìdajì iye, ẹ kọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní àkọsílẹ̀ iye ọjà tiwọn, wọ́n á sì gbé DN lé yín lórí, ìyẹn ìwé gbèsè fún èyí tó kù. Ẹrù ò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi san án.

Àṣẹ tí dúútì ò lè rọ́pò

Ohunkóhun tó bá ń gba ìgbì rédíò tàbí tó ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìbánisọ̀rọ̀, NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí irú rẹ̀. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló sọ bẹ́ẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ yí ráútà dojú bolẹ̀, kí ẹ ka bébà tó wà nídìí rẹ̀: lẹ́yìn nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì, ẹ lè rí “V2” tàbí “V3”. Wọ́n lè ti fọwọ́ sí V2 kí V3 má tíì sí nínú ìwé wọn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tajà ya fọ́tò ìdí ẹ̀rọ gan-an ránṣẹ́, kí ẹ fi wé àkọsílẹ̀ NCC kí ẹ tó ra igba ẹyọ.

SONCAP ti wà láti ọdún 2005. Àwọn ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò bíi Intertek, SGS àti Cotecna ló ń fún ni ní ìwé ẹ̀rí ọjà ní ìlú tí ọjà ti ń bọ̀, SON á sì fi ìyẹn fún ni ní ìwé ìkejì. Ẹni tó ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á san án fún ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kó ìnfátà kan náà wọlé léraléra, kó ní kí ẹjẹ́ńtì forúkọ ọjà náà sílẹ̀, ó dínwó jọjọ tó bá yá.

Tòkunbọ̀ ní tirẹ̀: òfin ọdún 2011 ti NESREA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, lórí ẹ̀rọ iná gba èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láyè, ó sì ka èyí tó ti bàjẹ́ sí pàǹtírí. Ẹ nílò ìwé tó to nọ́ńbà serial ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò rẹ̀, kí ẹ sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa. Làpútọ́ọ̀pù tí wọ́n dà jọ sínú àpò bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, òṣìṣẹ́ ò ní bèèrè ìwé kó tó pè é ní pàǹtírí. Dróònù ò tilẹ̀ yẹ kó gbéra láìsí ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì olùgbaninímọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè, ONSA.

Bátìrì ló ń dá ẹrù òfurufú dúró jù. Ẹ fi fóòtì sọ àmpù-wákàtí di púpọ̀: bátìrì sólà 51.2V, 100Ah, jẹ́ 5,120 Wh. Bátìrì lithium tó dá wà kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé èrò gẹ́gẹ́ bí ẹrù rárá. Nínú ọkọ̀ òfurufú ẹrù, iná inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 30% lọ. Fún irú èyí, orí omi ni kí ẹ gbé e gbà, pẹ̀lú èsì UN38.3 (àyẹ̀wò ààbò bátìrì), ìwé ààbò rẹ̀, àti ìkéde pé ẹrù eléwu ìpele 9 ni. Ẹjẹ́ńtì tó bá ní kí wọ́n kọ “power supply” sí i lára, ẹ sá fún un.

Nígbà tí ẹrù bá dé

Àwọ̀ ni Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń pín ẹrù: ewé túmọ̀ sí pé kó máa lọ, yẹ́lò pé kí wọ́n wo ìwé, pupa pé kí wọ́n ṣí i wò, búlúù pé kó jáde àmọ́ wọ́n á padà wá yẹ ìwé wò. Pupa ló ń jẹ ọjọ́, ọjọ́ sì ń jẹ owó lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ni èbúté ń ka owó ilẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ń ka dẹ̀múréèjì, owó ìdádúró, lórí kọ̀ńténà. Ẹ bèèrè iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì kí ẹ tó gbà. Ẹ tún rántí owó ìdógò kọ̀ńténà tó ń padà sọ́wọ́ yín bí ẹ bá dá kọ̀ńténà òfìfo padà. Ọ̀pọ̀ ẹjẹ́ńtì kì í mẹ́nu kàn án.

Ìwé iye tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ ẹjẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ya owó ìjọba, owó èbúté àti ọkọ̀ ojú omi, owó iṣẹ́ rẹ̀, àti owó ọkọ̀ láti Èkó dé Òṣogbo sọ́tọ̀. Owó ìjọba, báńkì lẹ ó san án sí. Awakọ̀ tó bá ń bọ̀ láti Èkó, kó mú ẹ̀dà SGD (ìwé ìkéde ẹrù), rìsíìtì dúútì àti ìwé ìjáde dání, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá dé lórí ẹrù tó ti wọ ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀ka Kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń bójú tó Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wà ní Ìbàdàn.

Ó ku àwọn tó ń gba iṣẹ́ ní Cotonou, Lomé tàbí Accra. ECOWAS ò sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà di ọmọ ìlú. Ohun tí wọ́n ṣe pátápátá ní àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tàbí tí iṣẹ́ tó tó 30% nínú iye rẹ̀ jẹ́ ti ibẹ̀, ló lè kọjá láìsan dúútì. Làpútọ́ọ̀pù tí ẹ rà ní Òṣogbo á tún san dúútì níbẹ̀. Ní Ghana, ICUMS ni wọ́n fi ń kéde ẹrù, àjọ NCA tiwọn ló sì ń fọwọ́ sí ráútà. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ jẹ́ kí ínfọ́ìsì wà ní Faransé. Bó bá jẹ́ pé irinṣẹ́ lẹ kàn ń gbé lọ ṣiṣẹ́ tí ẹ ó tún gbé padà, ẹ to nọ́ńbà serial wọn sínú ìwé kan, kí ẹ kéde wọn fún Kọ́sítọ́ọ̀mù wa ní ibodè nígbà tí ẹ bá ń jáde, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì fi ọ̀kan sínú àpò irinṣẹ́ gan-an. Ẹni tí kò bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́ nígbà tó ń padà wọlé, wọ́n lè ní kó san dúútì lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀.